Ọ̀pá Síìtì Oníbóòtù Méjì: Ẹ Rà Á Kí Ẹ Tó Ju Síìtì Yín Nù

Bí ìdí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro èèyàn lẹ́yìn wákàtí kan lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, síìtì ni gbogbo ayé máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní ó le jù, wọ́n á ní ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, wọ́n á sì kọjá sí ọjà Wuse lọ ra ìbòrí onífóòmù tó máa sọ ọ́ di tìmùtìmù. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí imú síìtì ṣe gbé sókè tàbí bó ṣe tẹ̀ sísàlẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀, kì í sì í ju dígírì 2 sí 3 lọ. Ohun tó máa sọ bóyá èèyàn á lè tún dígírì 2 yẹn ṣe ni orí ọ̀pá tí síìtì jókòó lé, ìyẹn ibi tí bóòtù ti gbá irin abẹ́ síìtì mú.

Oríṣi orí ọ̀pá mẹ́ta ló wà lọ́jà Àbújá, yálà lára tokunbo tí wọ́n tò sẹ́bàá títì tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń ta tuntun. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdájọ́ wa ní kíá kí ẹni tó ń kánjú lè máa lọ: ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ láti àárín ìlú dé Gwagwalada, tàbí tó ń gba Kubwa àti Zuba lọ wo Òkúta Zuma, kó ra oníbóòtù méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni tí kò gùn ún ju láti ilé dé ọjà lọ lè fi owó tiẹ̀ jẹun.

Ti àtijọ́ ni ọ̀pá lásán tí òkè rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan bíi mìlímítà 22, tí wọ́n wá ki irin agbámú kan bọ̀ lórí, nọ́ọ̀tì 13 tàbí 14 lọ́tùn-ún àti lósì. Òun ló wà lára kẹ̀kẹ́ Raleigh ayé àwọn bàbá wa, òun náà ló ṣì wà lára kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ó lágbára, ó rọrùn láti rí, sípánà tó wà lọ́wọ́ mai gyaran keke (ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe) èyíkéyìí lábẹ́ igi ló ń tú u. Àléébù rẹ̀ ni pé wọ́ṣà eléyín inú rẹ̀ máa ń fo láti eyín kan bọ́ sí èkejì, eyín náà sì gbòòrò. Ẹ ń wá dígírì kan, ìlọ́po mélòó kan rẹ̀ ló máa fún yín. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ti yí i sódì: ibi tí bóòtù gbà kọjá yẹ kó wà lẹ́yìn ọ̀pá. Nígbà tí wọ́n bá tún tokunbo tò, wọ́n lè gbé e síwájú. Síìtì á wá sún mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jù, orúnkún á máa dun ẹni tó gùn ún, kò sì ní mọ ohun tó fà á.

Oníbóòtù kan ló pọ̀ jù lọ́jà. Bóòtù gígùn kan, tí wọ́n ń fi Allen key 6 (irin onígun mẹ́fà) tú lọ́pọ̀ ìgbà, ló di apá òkè mọ́ apá ìsàlẹ̀, eyín wẹ́wẹ́ sì wà láàárín apá ìsàlẹ̀ yẹn àti orí ọ̀pá. Ẹ dẹ bóòtù, ẹ gbé síìtì síbi tó wù yín, ẹ fún un padà, ó tán. Bó ṣe yá nìyẹn, iyì rẹ̀ kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohun tí eyín bá gbà lẹ máa gbà: lára ọ̀pọ̀ wọn, eyín kan sí èkejì lè tó dígírì 2 sí 3. Ẹni tí ara rẹ̀ ń fẹ́ dígírì kan ààbọ̀, orí òdo tàbí orí 3 ni yóò máa jókòó sí. Èyí tó tún burú ni pé ẹni tí kò bá dẹ bóòtù náà tó, tó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ lu imú síìtì kó lè sọ̀kalẹ̀, eyín ló ń fá dànù. Álúmínọ́ọ̀mù ni eyín ọ̀hún lára púpọ̀ nínú wọn, kò le tó irin. Tó bá ti fá, ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ bá já gbàà sórí bọ́m̀pù kan, imú síìtì á ṣí sókè, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fún bóòtù náà tó tí yóò tún dúró. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wo inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó tokunbo. Eyín tó dáa máa ń mú ṣáṣá, ó sì dọ́gba. Èyí tó ti jẹ máa ń dán, orí rẹ̀ á ti yí róbótó. Àwọn kan tún wà tí kò léyín, tó jẹ́ pé fífún nìkan ló dì wọ́n mú. Ẹ má dá owó yín lé wọn lórí fún ọ̀nà tó ní bọ́m̀pù.

Ó wá kan oníbóòtù méjì. Kò ní eyín rárá. Apá ìsàlẹ̀ tí irin síìtì sùn lé ní ìdí róbótó, ó sì ń yí nínú kòtò róbótó tí wọ́n gbẹ́ sórí ọ̀pá. Bóòtù iwájú ń fa imú síìtì wálẹ̀, bóòtù ẹ̀yìn ń fa ìdí rẹ̀ wálẹ̀, ibi tí ìfà méjèèjì bá ti pàdé ni síìtì máa dúró sí. Nítorí náà, ìdajì dígírì ṣeé gbà, ìdámẹ́rin pàápàá ṣeé gbà. Thomson Elite ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù nínú irú rẹ̀, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ púpọ̀ ló ń ṣe é, látorí ọ̀pọ́kú dórí ọ̀wọ́n gógó, ọgbọ́n kan náà sì ni orí gbogbo wọn ń lò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ibí gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Tírẹ́ẹ̀dì bóòtù M6 (èyí tó nípọn ní mìlímítà 6) fi mìlímítà kan jìnnà síra. Tí ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀kan po, ó wọlé ní mìlímítà kan. Ká ní bóòtù iwájú àti ti ẹ̀yìn fi mìlímítà 38 jìnnà síra, á jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 19 jìnnà sí àárín. Tí ẹ bá dẹ ti ẹ̀yìn ní ìyípo kan, tí ẹ sì fún ti iwájú ní ìyípo kan, imú síìtì á tẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì 3. Ìdámẹ́ta ìyípo nígbà náà ni dígírì kan. Ìdámẹ́fà ìyípo, ìyẹn láti igun kan dé igun tó tẹ̀ lé e lára Allen key onígun mẹ́fà, jẹ́ ìdajì dígírì. Ti bóòtù M5 dín díẹ̀ torí tírẹ́ẹ̀dì 0.8 ló ní: nǹkan bíi dígírì 2.4 ní ìyípo kan. Ẹ fi rúlà wọn àárín bóòtù tiyín, ẹ ó sì mọ iye tí igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ lára kẹ̀kẹ́ yín. Kò sí oríṣi méjì yòókù tó lè fún yín ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní dígírì kan kò tó nǹkan, síìtì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 27 ni kó wò. Dígírì kan máa ń jẹ́ kí imú àti ìdí rẹ̀ fi nǹkan bíi mìlímítà 5 ga ju ara wọn. Mìlímítà 5 níbi tí ẹran ara ti rọ̀ jù, fún wákàtí mẹ́ta gbáko, ẹni tó jókòó lé e ló mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí síìtì wà. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí ilẹ̀ onítáìlì tàbí onísìmẹ́ńtì, ẹ fẹ́ táyà méjèèjì dáadáa, ẹ fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri kó dúró ṣánṣán. Pákó pẹlẹbẹ tó tó sẹ̀ǹtímítà 30 tàbí ìwé ẹlẹ́yìn líle kan ni ẹ máa tẹ́ sórí síìtì láti imú dé ìdí, ẹ wá gbé fóònù lé e. Lórí iPhone, inú áàpù Measure ni ohun tó ń wọn dígírì wà. Lórí Android, ẹ wa áàpù èyíkéyìí tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà. Ẹ bọ́ páùṣì fóònù kúrò, kí kámẹ́rà tó yọ lẹ́yìn rẹ̀ sì wà níta etí pákó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irọ́ ni yóò máa pa. Síìtì tí ìdí rẹ̀ yọ sókè kò ṣeé fi pákó wọ̀n láti orí dé ìdí. Apá iwájú rẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ni kí ẹ gbé pákó lé. Èyí tó wù kí ẹ yàn nínú méjèèjì, ẹ má yí i padà láàárín iṣẹ́.

Ilẹ̀ ilé wa kì í sábà tẹ́jú, pàápàá àgbàlá tí bíríkìlà ti dagun kí omi òjò lè ṣàn jáde. Kò ṣòro láti bá a yanjú. Ẹ wọn síìtì lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí kẹ̀kẹ́ padà kó kọjú síbi tó kẹ́yìn sí tẹ́lẹ̀, kí táyà tẹ ojú ibi kan náà, kí ẹ tún un wọ̀n. Tó bá jẹ́ imú sókè dígírì 2 lẹ́ẹ̀kíní, tó wá jẹ́ imú sísàlẹ̀ dígírì 1 lẹ́ẹ̀kejì, ẹ yọ 1 kúrò nínú 2, ẹ pín èyí tó kù sí méjì. Imú sókè ìdajì dígírì ni síìtì yín wà gan-an. Èyí tó ṣẹ́kù, ilẹ̀ ló ni ín.

Gíga síìtì ló tún yẹ kó ṣáájú. Ẹ jókòó, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ yẹ kó nà tán láìjẹ́ pé ìdí fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Síìtì tó ga jù máa ń jẹ́ kí ìbàdí máa fì lọ́tùn-ún lósì, ẹni tó gùn ún á wá máa tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ kó lè ní ìrọ̀rùn, wàhálà á sì di méjì.

Òdo ni kí gbogbo èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kí pákó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Tí imú bá máa sọ̀kalẹ̀ látibẹ̀, bóòtù ẹ̀yìn lẹ máa kọ́kọ́ dẹ̀ ní ìdámẹ́ta ìyípo, lẹ́yìn náà lẹ ó fún ti iwájú ní ìdámẹ́ta. Tí imú bá máa gòkè, ẹ dẹ ti iwájú, ẹ fún ti ẹ̀yìn. Dídẹ̀ ló máa ń ṣáájú fífún nígbà gbogbo. Ẹni tó bá fún ọ̀kan láì dẹ èkejì, bóòtù méjì ló ń fi ja ara wọn: èyí tí kò dẹ̀ kò jẹ́ kí síìtì yí, gbogbo agbára á wá lọ sára tírẹ́ẹ̀dì, á sì jẹ. Bí dígírì bá ti pé, ẹ máa fún méjèèjì ní ìdámẹ́jọ ìyípo, tibí, tọ̀hún, tibí, tọ̀hún, títí wọ́n á fi le dọ́gba. Ìwọ̀n agbára tí wọ́n fẹ́ sábà máa ń wà lára ọ̀pá. Láàárín 5 sí 8 Nm (Newton-mítà) ni púpọ̀ wọn. Bí kò bá sí torque wrench, ìyẹn sípánà tó ń wọn agbára fífún, Allen key kúkúrú ni kí ẹ lò, ẹ má sì ki páìpù bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó lè gùn sí i. Ẹ tún dígírì wọ̀n lẹ́yìn fífún, torí fífún ìkẹyìn máa ń yẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Dígírì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gùn ún tó wákàtí kan ó kéré tán kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ọ̀nà ẹ̀yìn ilé kò lè sọ ohunkóhun fún yín. Ìrora síìtì kì í jáde títí tí èèyàn á fi rẹ̀ díẹ̀. Ẹ kọ dígírì sílẹ̀ sínú fóònù, kí ẹ sì lẹ téèpù mọ́ ọ̀pá níbi tó ti wọnú férémù, kí gíga má bàa yẹ̀ láì mọ̀. Tí dígírì tí ẹ yí bá ti ju 2 lọ, ẹ tún gíga wò, torí ibi tí egungun ìdí ń jókòó sí kì í wà lókè bóòtù gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ ló wà, yóò sì ti gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ ní mìlímítà mélòó kan.

Ara fúnra rẹ̀ ló ń sọ ibi tó yẹ kí imú kọjú sí. Tí abẹ́ bá ń kú tipiri, tí kò mọ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, imú ló ga jù: iwájú síìtì ló ń tẹ iṣan àti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó gba àárín ìdí lọ síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú tàbí ọ̀rọ̀ ìgboyà. Tí kò bá lọ lẹ́yìn tí ẹ ti sọ̀kalẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, dókítà ló kàn. Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tó ń ro náà lè wá látinú imú tó ga, torí ìbàdí á ti fà sẹ́yìn, ẹ̀yìn á sì tẹ̀ kó lè dé ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Tó bá wá jẹ́ ọrùn ọwọ́ ló ń dùn, tí ìka ń kú, tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, imú ti sọ̀kalẹ̀ jù: ó ń yọ̀ síwájú, apá ló sì ń dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ló ń ra ìbọ̀wọ́ onífóòmù torí èyí, nígbà tó jẹ́ pé bóòtù ẹ̀yìn tó yẹ kí wọ́n fún ní ìdámẹ́fà ìyípo, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dẹ ti iwájú, ló ń pè wọ́n. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá ń bó, ẹ wò ó bóyá imú síìtì kọjú síwájú tààrà, tàbí ó yà sápá kan. Ìyẹn kì í ṣe ti dígírì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parí rẹ̀ láàárín òdo àti imú sísàlẹ̀ dígírì 3. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni imú náà ṣe máa lọ sílẹ̀ tó, torí ìbàdí máa ń yí síwájú tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jókòó ṣánṣán lórí kẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ga, òdo dáa fún un, sókè ìdajì dígírì pàápàá kò burú. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń rí ìrọ̀rùn tí imú bá tẹ̀ díẹ̀ sí i, tàbí tí àárín síìtì bá ní ihò gbọọrọ. Láti ọdún 2016, òfin UCI tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé gbà kí síìtì tẹ̀ dé dígírì 9, ṣùgbọ́n àwọn eléré tó ń sùn lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lèyí bá mu. Kí ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ má wá nǹkan kan lọ síbẹ̀.

Ohun méjì kan wà tí fóònù ò lè rí nínú ilé. Èkíní ni fọ́ọ̀kì onísípíríǹgì tó wà lára tokunbo púpọ̀. Bí èèyàn bá jókòó, iwájú kẹ̀kẹ́ á rì. Kó rì sẹ̀ǹtímítà 2 péré, lára kẹ̀kẹ́ tí àárín táyà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 105, imú síìtì á ti bá a lọ ní dígírì kan tó lé díẹ̀. Síìtì tí ẹ fi sí sísàlẹ̀ 2 nínú ilé, 3 ló jẹ́ lójú títì. Ẹ ní kí ẹnìkan bá yín wo fóònù nígbà tí ẹ bá jókòó, kí ó kà á létí pákó níwájú yín. Èkejì ni òkè. Òkè tó ga ní 6 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń dagun gbogbo kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ní nǹkan bíi dígírì 3.4. Ẹni tó ń gun òkè Mpape lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tàbí tó ń gba Ushafa lọ sí Bwari, síìtì tó tẹ́jú nínú ilé ti di onímú sókè lójú ọ̀nà rẹ̀, kí ó fi dígírì kan kún ti sísàlẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ojú títì tó tẹ́ ló máa ń gbà kò nílò rẹ̀.

Oníbóòtù méjì ní wàhálà tirẹ̀, ká má purọ́. Owó rẹ̀ ga ju ti oníbóòtù kan lọ. Bóòtù iwájú máa ń fara pamọ́ sábẹ́ síìtì, Allen key gígùn kì í sì í ráyè yí níbẹ̀; lára àwọn kan, èèyàn á máa yí i ní igun kan lẹ́ẹ̀kan, á yọ ọ́, á tún kì í bọ̀ ọ́. Allen key olórí róbótó ló ń gbani lọ́wọ́ irú rẹ̀. Fífi síìtì sí i nígbà àkọ́kọ́ náà le: irin méjì, apá òkè, bóòtù méjì, nọ́ọ̀tì méjì, ọwọ́ kan kò tó.

Nọ́ọ̀tì ọ̀hún ni kí ẹ fojú sí jù. Kì í ṣe onígun mẹ́fà. Róbótó ni, ó dùbúlẹ̀, ihò tírẹ́ẹ̀dì sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó gbọ́dọ̀ máa yí fúnra rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ kí bóòtù lè máa dúró ṣánṣán bí síìtì ṣe ń tẹ̀. Eruku ọyẹ́ máa ń kó síbẹ̀ láti oṣù kọkànlá lọ. Tó bá ti dì, nọ́ọ̀tì ò ní yí mọ́, bóòtù á tẹ̀ lọ́rùn, á sì máa rọ́jú bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tó máa ṣẹ́. Ti iwájú ló sábà máa ń ṣẹ́, torí ìwọ̀n ara wa ń bọ́ sẹ́yìn bóòtù, ti iwájú ló sì ń fà á mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọyẹ́ àti lẹ́yìn òjò, ẹ tú méjèèjì, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí tírẹ́ẹ̀dì, sábẹ́ orí bóòtù, àti sára nọ́ọ̀tì róbótó. Ẹ má fi gíríìsì kan irin síìtì àti ibi tó sùn lé, yóò yọ̀. Bí síìtì bá ń ké kẹ́-kẹ́ bí ẹ ṣe ń wa pẹ́dàlì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ nù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ibi tí apá pẹ́dàlì ti ń yí nínú férémù.

Síìtì aláwọ bíi Brooks B17 kò tẹ̀ lé òfin òdo tí a sọ yìí. Awọ tí wọ́n nà láàárín irin méjì ni, ó máa ń rì láàárín, ìdí á sì fẹ́ yọ̀ síwájú. Imú sókè dígírì 1 sí 3 ló máa ń bá a mu. Irin rẹ̀ tó wà fún orí ọ̀pá kúrú, nítorí náà ẹ wò ó bóyá orí ọ̀pá tí ẹ fẹ́ rà lè gbé e sẹ́yìn tó. Ìbòrí onífóòmù ńkọ́? Ó máa ń yọ̀ lórí síìtì, fóòmù rẹ̀ sì máa ń wọ àárín ìdí, ibi tí a kò fẹ́ kí nǹkan tẹ̀. Owó rẹ̀ sàn lára ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó ní tìmùtìmù tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rírà ló kù. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá (bó ṣe nípọn tó ní mìlímítà) ni kí ẹ bá lọ sọ́jà, ó máa ń wà nísàlẹ̀, nítòsí ìlà tí ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ yọ kọjá: 27.2 ló wọ́pọ̀ jù, 25.4 wà lára kẹ̀kẹ́ kékeré àti ti ìgboro, 30.9 àti 31.6 lára ti orí òkè. Ẹ yọ ọ̀pá yín gan-an mú lọ. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má worry, á wọlé." Èyí tó bá fi òòlù wọlé kò ní jáde mọ́, èyí tó bá sì wọlé wọ́rọ́ á máa rì bí ẹ ṣe ń lọ. Bí férémù bá jẹ́ 27.2, tí ọ̀pá tí ẹ rí sì jẹ́ 27.0, agolo mínírà lè yanjú rẹ̀: ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e, ẹ pọ́n ọn yí ọ̀pá ká lẹ́ẹ̀kan, láì jẹ́ kí etí rẹ̀ gun ara wọn. Pẹlẹbẹ agolo yẹn jẹ́ nǹkan bí ìdámẹ́wàá mìlímítà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò sì fi 0.2 kún un. Ju ìyẹn lọ, ẹ wá ìwọ̀n tó yẹ.

Ẹ tún wo ọrùn rẹ̀: èyí tó tẹ̀ sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 2 yàtọ̀ sí èyí tó gún tààrà, tí ẹ bá sì pààrọ̀ ọ̀kan fún èkejì, síìtì á sún, á sì di dandan kí ẹ tún gíga àti dígírì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé ìtajà, ẹ ní kí wọ́n ta bóòtù àti nọ́ọ̀tì róbótó kan mọ́ ọn fún yín, ẹ sì kọ gígùn rẹ̀ sílẹ̀. Kò dájú pé ẹ máa rí irú rẹ̀ rà ní Giri lọ́jọ́ Sunday.